Ilé Okùn Kebirungi

Láràárọ̀, kí oòrùn tó gun òkè Karungu, kùrukùru a máa jáde láti inú adágún Bunyonyi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì rántí orúkọ ara rẹ̀. Á rọra gòkè. Á bo oko ẹ̀wà, á bo ebè ànàmọ́, á bo àwọn ewúrẹ́ títí yóò fi ku ohùn wọn nìkan. Àsìkò yìí gan-an ni Kebirungi máa ń wọ ilé rẹ̀ lọ.

Ilé náà kò ní ògiri, kò sì ní òrùlé. Èèkàn igi kalitúsì ni wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ní gbogbo igun rẹ̀, okùn funfun ni wọ́n sì ta láti èèkàn dé èèkàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ẹran ni wọ́n fẹ́ so mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Kebirungi mọ yàrá, ó mọ pálọ̀, ó mọ ibi tí fèrèsé yóò ti máa wo omi. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀, á bọ́ bàtà sílẹ̀, á tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó ga ju àtẹ́rígbà lọ, á wọlé. Kò jẹ́ fẹsẹ̀ ré okùn náà kọjá láé. Ọlọ́gbọ́n wo ló ń gba inú ògiri kọjá?

Àwọn obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi a máa dúró fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kebirungi, a kí ọ kúulé o!"

"Ẹ ṣé o. Ẹ yà, kí ẹ wá mu obushera."

"A ò ní yà. Ẹ̀rù ń bà wá kí òrùlé má lọ wó lù wá."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, kùrukùru á sì gbé ẹ̀rín gbogbo wọn mì.

Bẹ́ẹ̀, Kebirungi kì í ṣe wèrè. Ní gbogbo àyíká adágún náà, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé. Bíríkìlà ló ń to bíríkì, káfíńtà ló ń kan òrùlé, ṣùgbọ́n kí àwọn yẹn tó dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ilẹ̀ pé ibí ni ilé ń bọ̀ wá jókòó sí. Kebirungi ló ń bá ilẹ̀ sọ ọ́. Òun ló ń ta okùn, òun ló ń mú kí igun gún, òun ló ń tọ́ka ibi tí wọn yóò ti gé ara òkè àti ibi tí wọn yóò da erùpẹ̀ rẹ̀ sí, kí ilẹ̀ tó dagun lè di pẹrẹsẹ. Ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí ànàmọ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, etí omi ni yóò ti lọ ṣà á, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ omi. Rwakihembo, bàbá rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbẹ́ láti inú odidi ìtì igi. Bó bá gbẹ́ inú rẹ̀ tán, á bu omi díẹ̀ sí i, á pe ọmọbìnrin rẹ̀ pé, "Wá bá mi wo ibi tí omi ń sá lọ." Kebirungi á fi àyà lélẹ̀ létí ọkọ̀ náà, á tẹjú mọ́ omi. Bàbá rẹ̀ a máa wí pé omi kì í purọ́. Bí o bá fún un láyè kó dákẹ́, á sọ ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ yóò wọ́ sí kó tó dé ojú adágún rárá. Ọmọ náà lè wo omi yẹn títí ẹ̀wà yóò fi jóná lórí iná nílé. Ìyá rẹ̀ na án títí, ó sú u. Ó ní ọmọ òun ń sùn lójú ṣíṣí.

Nígbà tó dàgbà, wọ́n gbà á pé kó máa pọnmi níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwé kan lórí òkè kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń di rọ́bà omi mú kò wá. Rọ́bà gígùn ni, ó mọ́ gaara tí èèyàn fi ń rí omi inú rẹ̀. Ẹnì kan á di orí kan mú níbi igun kan, ẹnì kejì á di orí kejì mú níbi igun kejì, ibi tí omi bá sì dúró sí lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ló dọ́gba, ìbáà jẹ́ pé ebè àti kòtò wà láàárín wọn. Kebirungi ni wọ́n fi orí rọ́bà kan lé lọ́wọ́. Kùrukùru ọjọ́ náà nípọn bí òwú. Ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà kí omi má bàa dànù, ó rọra ń tẹ̀lé okùn lọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ èèkàn.

Ohùn ọkùnrin kan wá láti inú funfun yẹn. "Ìwọ ọ̀hún, o ti débẹ̀?"

"Mo ti dé."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mo mú orí rọ́bà."

"Èmi ni mo mú orí. Ìdí ló wà lọ́wọ́ tìẹ."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o rí ojú ẹ̀ ni?"

Ọkùnrin náà ní, "Ó dáa. Ejò olórí méjì ni. Ṣí àtàǹpàkò rẹ, ká wò ó."

Wọ́n ṣí i. Omi lọ, omi bọ̀.

"Ó ti dúró?"

"Rárá."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ṣì ń mí," Kebirungi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin náà lára. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn, kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé omi ń mí. Igun dé igun ni wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn, tí wọn kò rí ara wọn. Nígbà tí oòrùn yọ tí kùrukùru sì ká, Kebirungi wo ọkùnrin kúkúrú kan tó dúró ti èèkàn, ó ní, "Áà! Ohùn rẹ ga jù ọ́ lọ."

"Ìwọ náà," ọkùnrin náà fèsì, "ìyá àgbà ni mo rò pé mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀."

Kato ni orúkọ rẹ̀. Ìbejì ni, Kakuru tí wọ́n jọ wáyé kò pẹ́ kó tó padà síbi tó ti wá, òun nìkan ló kù sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Òun àti Kebirungi fẹ́ra wọn, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ náà kiri, ọkọ lórí rọ́bà kan, ìyàwó lórí kejì. Èèyàn tó bá ń kọjá nísàlẹ̀ lówùúrọ̀ á kàn máa gbọ́ ọ lókè pé "Ó ti dúró?" "Ó ń mí," á sì mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kọ́lé.

Lára ilẹ̀ ìdílé Kato, ibì kan wà lókè tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, òkè tún gbéra sókè ṣánṣán. Níwájú rẹ̀, gbogbo adágún ló tẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn erékùṣù rẹ̀, bí ẹran tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Kato fẹ́ràn ibẹ̀ dé ibi pé ó lè gbàgbé oúnjẹ. "Wò ó," á wí fún Kebirungi, "gbogbo òkè yìí ló dagun, ibí nìkan ló ti tẹ́ ara rẹ̀ kalẹ̀ dè wá. A ò tilẹ̀ ní gé nǹkan kan." Wọ́n kan èèkàn, wọ́n ta okùn. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sínú yàrá tí wọ́n fi okùn ṣe, wọ́n á máa wo àwọsánmà tó ń kọjá níbi tí àjà yóò wà, Kato á sì máa sọ bí òjò yóò ṣe máa dún lórí páànù.

Kò rí i kọ́. Àyà ló ń dùn ún, wọ́n rò pé òtútù ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn tó wà lódì kejì omi, ó ti dákẹ́ sínú ọkọ̀.

Kebirungi fẹ́ kí wọ́n sin ín síbi okùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọn kò tíì kọ́. Ìyá Kato, tí gbogbo òkè ń pè ní Ìyá Ìbejì títí dòní, ló kọ̀. Ó dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní bí wọ́n bá gbé ọmọ òun lọ síbẹ̀, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ sin. Inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sin Kato sí. Ìyá náà kò sọ ìdí rẹ̀, Kebirungi kò sì bi í. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni pé obìnrin yìí ti gba ọkọ òun padà bí ẹni tó gba ìkòkò tó yá èèyàn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á kí ara wọn bí àwọn tí ọjà kan náà pa pọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kebirungi lọ gba yàrá kan létí èbúté, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá rí. Ṣùgbọ́n ilé okùn náà, kò jẹ́ kó bàjẹ́. Bí ewúrẹ́ bá já okùn, á so ó padà. Bí ikán bá jẹ èèkàn, á gbẹ́ òmíràn. Ọdún ń gorí ọdún, ilé náà kò gbó. Ilé wo ni kì í gbó? Ilé tí a kò tíì kọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, ó lá àlá. Ó rí Kato tó dúró ti èèkàn, ó di orí rọ́bà mú, kùrukùru ti bò ó dé ọrùn, kò bínú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kebirungi, apá ń ro mí. Ṣé omi ò tíì dúró ni?"

Nígbà tó jí, ojú ọjọ́ ti ń mọ́. Ó ká rọ́bà sí èjìká, ó sì gòkè lọ. Ó ti pinnu: lónìí ni òun yóò wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n tó mú ọkọ́ àti dígà wá. Kò pe ẹnikẹ́ni. Kò fẹ́ kí ẹlòmíì di orí rọ́bà tó wà lọ́wọ́ Kato mú. Ó fi okùn so orí kan mọ́ èèkàn, ó gbé ìkejì lọ sí igun kejì. Omi dànù. Ó tún bu òmíràn sí i, ó tún so ó. Atẹ́gùn mi èèkàn, omi ń jó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ewúrẹ́ kan wá fi imú kan rọ́bà náà, gbogbo rẹ̀ ya dànù. Kebirungi jókòó sórí koríko tútù, ó gbé ojú lé orúnkún.

Ó gbọ́ kí koríko ṣe wẹ́wẹ́ lẹ́bàá èèkàn ọ̀hún.

"Ta nìyẹn?"

"Ìwọ bu omi sí i," ohùn kan dáhùn nínú kùrukùru. "Mo ti di tibí mú."

Ìyá Ìbejì ni. Kebirungi dìde. "Màámi? Kí lẹ wá ṣe níbí láàárọ̀ yìí?"

"Ewúrẹ́ mi ni mo wá wá. Òun rèé, ó ti mu omi rẹ yó. Bu òmíràn, mo ní. Ṣé títí ọ̀sán ni kí n dúró?"

Kebirungi bu omi sí i. Ó ta rọ́bà náà ní ìka títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi jáde tán. "Ẹ fi àtàǹpàkò dí i, Màámi. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ ṣí i."

"Ọmọ mi fi ẹnu sọ iṣẹ́ yìí fún mi títí etí fi dí mi. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Ẹ ṣí i."

Omi lọ, omi bọ̀. Kebirungi tẹjú mọ́ ọn. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò dúró.

"Màámi, ẹ má mi ọwọ́."

"Ta ló ń mi ọwọ́? Ọwọ́ náà ló ń mi ara ẹ̀. Nígbà tí ìwọ náà bá dàgbà, màá bi ọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Kebirungi, ó gbé e mì. Ó dúró. Kùrukùru tún nípọn sí i láàárín wọn, kò rí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe rọ́bà náà tó rìn lọ sínú funfun. Ó sì dà bí ẹni pé kì í ṣe ìyá ọkọ ló wà lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ohùn lásán ni, ohùn tí èèyàn lè bá sọ ohunkóhun.

Ohùn náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kebirungi, ṣé o fẹ́ kọ́lé síbí lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ ẹ, Màámi."

"Má kọ́ ọ síbí."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ," ohùn náà ń bá a lọ, "ibí yìí kò tẹ́. Ó dagun bí gbogbo òkè yòókù. Ilé ìyáálé mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ti ń lọ ọkà bàbà nílé yìí, torí pé èmi ò mọ̀ ọ́n lọ̀. Òjò rọ̀ lọ́dún náà títí a fi rò pé ọ̀run ti lu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkè ya. Kò pariwo. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń rọra jókòó. Ibi tó jókòó lé lo dúró sí yẹn."

Omi inú rọ́bà dúró. Kebirungi rí i pé ó dúró, kò lè fi àmì sára èèkàn.

"Ẹ ò sọ fún Kato?"

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀ tó ti wó kò tún ní wó mọ́. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, mo ní kí n má bà á jẹ́, bó bá di ọjọ́ tí wọ́n máa gbẹ́ ìpìlẹ̀, màá wá jókòó sínú kòtò. Ọjọ́ yẹn ò dé. Nígbà tí ìwọ wá ní kí wọ́n sin ín síbẹ̀... Ilẹ̀ tó ń rìn. Kí n gbé èyí tó kù sí mi lọ́wọ́ sínú ilẹ̀ tó ń rìn?"

Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọ̀kan níhìn-ín. Kò sẹ́ni tó jọ̀wọ́ rọ́bà náà. Kebirungi ń sunkún, ó sì mọ̀ pé obìnrin ọ̀hún náà ń sunkún, nítorí pé omi tún ti bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Okùn náà ti pẹ́ lára rẹ̀ jù. Nígbà tí ìyá náà da ewúrẹ́ rẹ̀ lọ, Kebirungi mú ọkọ́, ó gbẹ́ inú yàrá tirẹ̀ gan-an, ibi tí ibùsùn yóò wà. Erùpẹ̀ náà rọ̀ jù. Kò tò bí erùpẹ̀ tí kò tíì kúrò níbi tó wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ó dàrú, òkúta, gbòǹgbò àti amọ̀ pupa ló lọ́ mọ́ra. Ó gbẹ́ títí kòtò fi gbà á dé ìbàdí. Níbẹ̀ ni ọkọ́ ti dún lára nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ gbo erùpẹ̀ kúrò. Ọlọ ni, ọlọ ọkà, ó dojú dé bí ẹni tó ń sùn.

Kò gbé e jáde. Ó fi erùpẹ̀ bò ó padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí a ti ń fi aṣọ bo ọmọ, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fa èèkàn tu. Kebirungi ká okùn náà sọ́wọ́ láti igun dé igun, ilé náà sì ń yọ́ lọ, pálọ̀ kọ́kọ́ lọ, fèrèsé tẹ̀ lé e, títí ó fi ku koríko lásán. Ó ní ó rí lára òun bí ìgbà tí èèyàn bá jí lójú àlá dídùn tó ṣì ń pa ojú dé bóyá á tún wọlé padà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Ìbejì, èjìká òkè kan wà tó jẹ́ àpáta lábẹ́. Ilẹ̀ náà dagun burúkú, kò sì rẹwà. Bí èèyàn bá dúró níbẹ̀, adágún kò ju bí ojú abẹ́rẹ́ lọ láàárín igi kalitúsì. Níbẹ̀ ni wọ́n ta okùn tuntun sí. Kebirungi wọn ẹsẹ̀ mẹ́ta síhìn-ín, ẹsẹ̀ mẹ́rin sọ́hùn-ún, nígbà tí márùn-ún sì so wọ́n pọ̀ láìkù síbì kan, ó mọ̀ pé igun gún. Wọ́n tún mú rọ́bà.

"Ó ti dúró?" Kebirungi ké láti òkè.

"Kí ni kí n wí? Kí ni Kato máa ń wí?"

"Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí."

"Mo rí omi!"

Àwọn aládùúgbò tó wá bá wọn gbẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí bárò. Iṣẹ́ náà le. Wọ́n gé ara òkè lókè, wọ́n dà á sísàlẹ̀, wọ́n fi òkúta dì í kó má bàa ṣí. Ìyá Ìbejì ló ń gbé omuramba, ọtí ọkà bàbà, fún wọn, tó sì ń bú ẹni tó bá mu ún ju bó ti ń gbẹ́lẹ̀ lọ.

Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, òkè tó wà lẹ́yìn ibi àkọ́kọ́ yẹn kò tíì tún ya. Òjò ti rọ̀ lé e lórí, ó ṣì dúró. Àwọn kan ní ìtàn arúgbó ló jẹ́ kí Kebirungi fi ilẹ̀ dáadáa sílẹ̀ lọ gun àpáta. Kì í bá wọn jiyàn. Ó gbin igi sí ibẹ̀ káàkiri, àwọn ẹyẹ aládé sì máa ń sọ̀ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ tí ìpìlẹ̀ ilé tuntun dé òkè, tí bíríkìlà ti lọ fọ ọwọ́, Kebirungi da omi díẹ̀ sórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Omi náà tẹ́ síbi tó dà á sí, kò mọ ibi tí yóò sá lọ. Ìyá Ìbejì fi ọ̀pá tẹlẹ̀ yí gbogbo ilé ká, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Yàrá ta nìyí?"

"Tèmi ni, Màámi."

"Èyí ńkọ́?"

"Pálọ̀ ni."

"Hẹn-ẹ́n. Níbo lèmi á máa sùn?"

Kebirungi gbójú sókè. "Màámi, ilé yín nìyẹn lọ́hùn-ún. Mo ń wo òrùlé rẹ̀."

"Ta ló ní mi ò nílé? Bí òjò bá ká mi mọ́ ibí ńkọ́? Kí n máa sùn lórí àga bí àlejò?"

Kebirungi mú èèkàn méjì àti okùn tó kù, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kan ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn.

"Fà á gùn díẹ̀ sí i," Ìyá Ìbejì wí, ó ti jókòó sórí bíríkì. "Ẹsẹ̀ mi gùn."